Òpó Méjì Inú Bátìrì

Kò sí ilé kan tí a lè wọ̀ lónìí, ìbáà ṣe ní ìgboro tàbí ní abúlé, tí a kò ní bá bátìrì níbẹ̀. Òun ni ó wà nínú tẹlifóònù alágbèéká, òun ni ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò, òun náà ni ó sì wà nínú àpótí tí àwọn ènìyàn ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti máa fi tan iná nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Síbẹ̀, bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn tí ó kàwé pàápàá, pé kí ni ó wà nínú bátìrì, ìdáhùn tí a óò gbọ́ ni pé iná ni. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Iná kò sí nínú bátìrì bí omi ti í wà nínú ìkòkò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni nǹkan méjì tí ìwà wọn kò dọ́gba: ọ̀kan ń fẹ́ fún ni, èkejì ń fẹ́ gbà. Nígbà tí a bá la ọ̀nà fún wọn láti ṣe pàṣípààrọ̀ ni iná tó jáde.

Ọ̀rọ̀ nǹkan méjì yìí ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó fi owó oṣù mélòó kan ra bátìrì sí ilé rẹ̀, tí ó sì kú kí ọdún méjì tó pé, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Ẹni tí tẹlifóònù rẹ̀ wú bí àkàrà, tàbí tí ó gbaná lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ. A sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò pé “lítíọ́mù ni èyí”, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ti parí gbogbo ẹjọ́. Kò parí rárá. Oríṣiríṣi bátìrì ni ó ń jẹ́ orúkọ náà, ìwà wọn sì yàtọ̀ síra wọn bí ìwà àwọn tí ó ń jẹ́ Adé ti yàtọ̀.

Nítorí pé ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè ni ẹgbẹ́ wa, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn òyìnbó ń pe nǹkan méjì náà ní electrode. Ọ̀kan ń jẹ́ anode, èkejì ń jẹ́ cathode. Àwọn kan lè rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé tiwa nìkan ni kò ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń ṣe ìwádìí nípa bí iná mànàmáná ti ń gba inú omi kọjá, ọ̀rọ̀ sì há mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kọ̀wé sí William Whewell ní Cambridge, ẹni tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì dáadáa, pé kí ó bá òun wá orúkọ. Ní ọdún 1834 ni àwọn orúkọ náà jáde. Ìtumọ̀ anode ní èdè Gíríìkì ni ọ̀nà òkè, ti cathode ni ọ̀nà ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ ion sì ni ohun tí ń lọ. Ẹ̀yáwó ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó yá a kò sì tijú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa náà lè wá tiwa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, òpó ni èmi yóò máa pe electrode, nítorí pé òun ni ó gbé gbogbo ilé bátìrì ró, bí òpó ti ń gbé àjà. Èyí tí ń fúnni nígbà tí a bá ń lo bátìrì ni òpó olùfúnni. Èyí tí ń gbà ni òpó olùgbà. Ohun tí ń rìn láàárín wọn, tí Whewell pè ní ohun tí ń lọ, èmi yóò pè é ní èrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwọn tí ó wọ ọkọ̀. Omi kan wà láàárín òpó méjèèjì tí àwọn èrò ń gbà kọjá, ìkélé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú omi náà kí òpó kan má baà fara kan èkejì. Bí wọ́n bá fara kanra, ohun tí ó yẹ kí ó gba ojú wáyà kọjá yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí iná àti ooru. Òǹkàwé tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn jù wọ̀nyí lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Àkọ́kọ́ nínú àwọn bátìrì tí a mọ̀ ni ti Alessandro Volta, ará Ítálì, ní ọdún 1800. Ó to síńkì àti fàdákà léra wọn, ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Bátìrì Volta ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tán, ó tán. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe èyí tí a lè dá iná padà sínú rẹ̀ ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1859. Ó ká ewé òjé méjì pọ̀ bí ẹní, ó sì rì wọ́n sínú ásíìdì. Irú bátìrì yìí ni ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa títí di òní olónìí: yàrá mẹ́fà, fóòtì méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ fóòtì 12.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí bí òpó òjé ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni a ó ti mọ ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti ti ìgbà tiwa. Bí bátìrì òjé bá ń fúnni ní iná, òpó méjèèjì ni ń yí padà di nǹkan mìíràn. Òjé tí ó wà lára wọn ń para pọ̀ mọ́ ásíìdì, ó ń di ohun funfun kan. Bí a bá tètè dá iná padà, ohun funfun náà yóò túká, òjé yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á tì fún oṣù díẹ̀ láìsí iná nínú rẹ̀, ohun funfun náà yóò le gbagidi, kò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí onílé kò wà fún ìgbà pípẹ́ fi í kọ̀ láti jí. Lékè gbogbo rẹ̀, òjé wúwo, májèlé sì ni pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n bá ti ń yọ́ ògbólógbòó bátìrì ní gbangba, òjé a máa wọ inú ilẹ̀ àti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, a sì máa ba ọpọlọ wọn jẹ́.

Nǹkan méjì ni àwọn olùwádìí ń wá: òpó tí ó fúyẹ́, àti òpó tí kò ní máa wó kí ó tún máa kọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá lò ó. Lórí ọ̀rọ̀ ìfúyẹ́, kò sí irin tí ó tó lítíọ́mù. Johan August Arfwedson ni ó rí i ní Stockholm ní ọdún 1817, nínú òkúta. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń léfòó lórí òróró. Kò tún sí èyí tí ó yá a lára láti fúnni tó o. Bí ó bá kan omi, á máa hó yaya. Ànfààní rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni àléébù rẹ̀.

Ní ọdún 1973, ọ̀wọ́n epo dé sí àwọn ilẹ̀ òyìnbó nítorí ogun Áárín Ìlà-Oòrùn, àwọn ilé-iṣẹ́ epo pàápàá sì ń wá ohun tí a lè fi rọ́pò epo. Stanley Whittingham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Exxon ní Amẹ́ríkà, ní ohun kan lọ́wọ́ nígbà náà: títéníọ́mù tí a pò mọ́ imí-ọjọ́. Ohun yìí jẹ́ abala-abala bí ojú ewé ìwé, àyè sì wà láàárín abala kan àti èkejì. Whittingham rí i pé èrò lítíọ́mù lè wọ àyè náà kí ó jókòó, kí ó sì tún jáde, láìjẹ́ pé ìwé náà ya. Ọdún 1976 ni ó tẹ ìwádìí náà jáde.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé orí èyí ni gbogbo nǹkan tí ó kù dúró lé. Nínú bátìrì òjé, ilé ni ń wó tí ń tún kọ́. Nínú ti Whittingham, ilé kò wó. Àlejò ni ń wọlé, àlejò náà ni ń jáde. Bí a bá ń lo bátìrì, lítíọ́mù kọ̀ọ̀kan ní òpó olùfúnni ń pín sí méjì. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, tí ó kéré jọjọ, tí a ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́nù, ń gba ojú wáyà lọ síta. Òun ni ó ń tan gílóòbù wa. Èyí tí ó kù, èrò náà, ń gba inú omi lọ lábẹ́lé. Àwọn méjèèjì yóò pàdé ní òpó olùgbà, bí tọkọtaya tí ó gba ọ̀nà méjì lọ sí òde kan náà. Nígbà tí a bá sì fi bátìrì sí iná, ṣe ni à ń fi agbára lé àwọn méjèèjì padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Lọ síwá, lọ sẹ́yìn, bí jangirọ́fà.

Wàhálà ibẹ̀ wà ní òpó olùfúnni. Lítíọ́mù gidi, irin náà fúnra rẹ̀, ni Whittingham lò níbẹ̀. Bí àwọn èrò bá ń padà bọ̀ wá sílé, wọn kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n a máa gun ara wọn lórí, wọ́n a máa yọ ẹ̀gún bí igi ọ̀rọ́. Ẹ̀gún náà yóò gùn títí yóò fi gún ìkélé, yóò kan òpó kejì, iná yóò sì sọ. Àwọn panápaná di ojúlùmọ̀ yàrá ìwádìí náà. Nígbà tí epo tún pọ̀ lọ́jà, ilé-iṣẹ́ náà dá iṣẹ́ yìí dúró. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà tí ó gbé bátìrì onílítíọ́mù gidi jáde fún tẹlifóònù ní láti kó wọn padà nítorí iná.

Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì ni John Goodenough, ẹni tí a bí ní ọdún 1922. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìwé kíkà ṣòro fún un gidigidi. Kí àwọn olùkọ́ tí ó máa ń tètè pe ọmọ ní olódo rántí èyí. Ní ọdún 1976 ó dé Oxford, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa òpó olùgbà. Ó ní kí ni ó dé tí a fi ń lo imí-ọjọ́? Ọ́síjìn, ẹ̀yà inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ń fẹ́ gbà ju imí-ọjọ́ lọ. Bí olùgbà bá sì ti ń fẹ́ gbà tó, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì yóò ti pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ fóòtì dà bí ọ̀rọ̀ ìṣàn omi: bí orísun bá ti ga tó ju ibi tí omi ń ṣàn sí lọ ni agbára omi náà ti tó. Òun àti Koichi Mizushima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi, wọ́n sì mú èyí tí a fi kóbọ́ọ̀tì àti ọ́síjìn ṣe, tí òun náà jẹ́ abala-abala. Ti Whittingham lé díẹ̀ ní fóòtì méjì. Èyí tó nǹkan bí fóòtì mẹ́rin. Ọdún 1980 nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí mo ka sí ọgbọ́n jù: òpó ti Goodenough ti ní lítíọ́mù nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò pọn dandan mọ́ kí a fi lítíọ́mù gidi, onígbọ̀ọ́ràn, ṣe òpó olùfúnni. A lè kọ́ ilé òfìfo sí ìhà kejì, kí a sì lé àwọn èrò lọ síbẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi bátìrì sí iná.

Ilé òfìfo wo? Èédú ni. Kì í ṣe èédú ààrò, bí kò ṣe irú èyí tí ó wà nínú pẹ́ńsùlù, tí a ń pè ní gíráfáìtì. Abala-abala ni òun náà. Rachid Yazami, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tí a bí ní ìlú Fez ní ilẹ̀ Mòrókò ní ọdún 1953, ni ó fi hàn ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1980, pé lítíọ́mù lè wọ gíráfáìtì kí ó sì jáde nínú bátìrì. Àwọn tí ó ti dán an wò ṣáájú rẹ̀ kùnà nítorí pé omi àárín tí wọ́n lò ń bá èrò wọlé, ó sì ń ya ojú ewé gíráfáìtì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yazami fi ohun tí kì í ṣe omi rọ́pò rẹ̀. Ní Japan, Akira Yoshino lo èédú mìíràn tí a ń rí láti ara epo rọ̀bì, ó fi òpó Goodenough ṣe ìkejì rẹ̀, ó sì parí bátìrì náà ní ọdún 1985. Ó gbé e lọ sí ibi tí a ti ń dán ohun abúgbàù wò, ó ju irin ńlá lù ú. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ju irin kan náà lu bátìrì tí ó ní lítíọ́mù gidi, ó sì bú gbàmù. Yoshino sọ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ka bátìrì òun sí ohun tí a bí. Sony gbé e dé ọjà ní ọdún 1991.

Ní ọdún 2019, wọ́n fún Whittingham, Goodenough àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà; kò sí àgbà tí ó gba ẹ̀bùn náà rí tó o. Ó kú ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí ó pé 100 ọdún. Orúkọ Yazami kò sí níbẹ̀, nítorí pé ẹni mẹ́ta ni òfin ẹ̀bùn náà gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún 2014 àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ti fún un ní ẹ̀bùn Draper pẹ̀lú Goodenough, Yoshino àti Yoshio Nishi. Ní tèmi, ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti mọ ti àwọn mẹ́ta yòókù.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye èrò tí òpó kan lè gbà? Ìṣirò ni, àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì sì lè fi kọ́ kíláàsì. Ẹ̀yà èédú mẹ́fà ni ń gba èrò lítíọ́mù kan. Ìwọ̀n ẹ̀yà mẹ́fà náà jẹ́ 72. Bí a bá pín 96,485, tí í ṣe iye tí a fi orúkọ Faraday pè, sí ọ̀nà 72, tí a sì tún pín in sí ọ̀nà 3.6, a óò rí nǹkan bí 372. Èyí ni iye milliampere-hour tí gíráàmù gíráfáìtì kan lè gbà. Ohun kan náà ni lẹ́tà mAh tí a ń rí lára bátìrì tẹlifóònù dúró fún. Ti òpó kóbọ́ọ̀tì yẹ kí ó tó 274 nípa ìṣirò kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan bí 140 ni àwọn bátìrì àkọ́kọ́ ń rí lò. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá lé ju ìdajì àwọn èrò jáde, abala òpó náà kò ní ohun tí yóò dì wọ́n mú mọ́. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọ́síjìn yóò sì fẹ́ sá jáde. Ọ́síjìn tí ó sá jáde nínú ohun tí ó ti gbóná, tí omi àárín rẹ̀ sì lè gbiná bí pẹtiróòlù, kò nílò àlàyé. Nítorí náà ni bátìrì rere fi ní ẹ̀ṣọ́ kékeré kan tí ń dá iná dúró nígbà tí ó bá tó. Àyédèrú bátìrì olówó pọ́ọ́kú lè máà ní in.

Ẹ jẹ́ kí a wọ yàrá ìwádìí lọ wo bí iṣẹ́ yìí ti rí. Olùwádìí yóò lọ àwọn èròjà rẹ̀ kúnná, yóò sun wọ́n nínú ìléru fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹ̀fun tí ó bá jáde, tí í sábà dúdú, ni yóò fi ìtànṣán X yẹ̀ wò láti mọ̀ bí abala rẹ̀ ti tò. Lẹ́yìn náà, yóò pò ó mọ́ lúúlúú èédú, kí iná lè rí ọ̀nà gbà, àti mọ́ àtè díẹ̀, yóò sì tẹ́ ẹ sórí bébà irin bí ẹni tí ń fi ọ̀dà kun pákó. Bébà alumíníọ́mù ni ti òpó olùgbà, ti bàbà ni ti olùfúnni. A kò gbọ́dọ̀ ṣì wọ́n gbé fún ara wọn, nítorí pé lítíọ́mù a máa wọ inú alumíníọ́mù ní ìhà olùfúnni, a sì máa jẹ ẹ́ run. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò gé e ní róbótó, yóò tì í sínú àpótí dígí tí a ti lé afẹ́fẹ́ ayé jáde nínú rẹ̀, tí ó ní ìbọ̀wọ́ gígùn tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ láti òde. Inú àpótí yìí ni yóò ti to òpó, ìkélé, omi àti òpó kejì sínú ike irin kékeré tí kò tóbi ju owó wẹ́wẹ́ lọ, tí yóò sì dé e pa.

Ìgbà náà ni sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò máa fi iná sí i, yóò máa gbà á padà, lọ́sàn-án lóru, fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Ohun tí ó dára lọ́jọ́ kìíní kò já mọ́ nǹkan kan bí kò bá dára ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ẹ wo ìṣirò yìí: bí òpó kan bá ń pàdánù ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí ó ní nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sí iná, lẹ́yìn ìgbà 500, nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 ni yóò kù, lẹ́yìn ìgbà 1,000, ìdá 37. Ọ̀pọ̀ àwárí tí ìwé ìròyìn ń kéde pẹ̀lú ariwo ni ó kú sí ojú ìṣirò yìí, tí a kò sì gbọ́ ìròyìn wọn mọ́.

Níbo ni àwọn èrò tí ó sọnù ń lọ? Púpọ̀ nínú wọn ń há sínú èèpo kan tí ń hù lára òpó olùfúnni. Omi àárín kì í rí ara gba ìwà òpó yìí, apá kan rẹ̀ ń bàjẹ́, ó sì ń di èèpo tẹ́ẹ́rẹ́. Èèpo yìí dára, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ìyókù omi bàjẹ́. Láìsí i, bátìrì kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń nípọn sí i, ooru a sì máa mú un yára. Bátìrì tí a fi sí orí pátákó ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, tí iná sì kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ń darúgbó kíákíá ju èyí tí ó wà ní ibi tútù lọ. Àṣà wa àtijọ́ pé kí a sá bátìrì tọ́ọ̀ṣì sí oòrùn kí ó lè ta jí kò yẹ bátìrì ti òde òní rárá.

Ọ̀rọ̀ kóbọ́ọ̀tì tún ní ẹ̀yìn. Ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí gbogbo ayé ń wà lọ́dọọdún ni ó ń wá láti orílẹ̀-èdè Kóńgò tí Kinshasa jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní agbègbè Kolwezi. Apá kan ibẹ̀, àwọn tálákà ni ń fi ọwọ́ wà á nínú ihò tí kò ní òpó ìtìlẹ́yìn, ní ọdún 2016 ẹgbẹ́ Amnesty International sì fi hàn pé àwọn ọmọdé wà láàárín wọn. Nítorí èyí àti nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, àwọn olùwádìí ti ń dín kóbọ́ọ̀tì kù. Wọ́n fi níkẹ́lì àti mángánéésì rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òpó kan wà lónìí tí níkẹ́lì inú wọn jẹ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Wọ́n ń gba èrò púpọ̀, ọkọ̀ oníná sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń gbóná. Michael Thackeray, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti kọ́kọ́ fi mángánéésì nìkan ṣe òpó nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ Goodenough. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èyí tí ó kan ilé wa jù ni òpó irin. Ní ọdún 1997, ní Yunifásítì Texas, Goodenough, tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, àti Akshaya Padhi àti ẹlẹgbẹ́ wọn, fi irin lásán àti fọ́sífétì, irú èyí tí ó wà nínú ajílẹ̀, ṣe òpó olùgbà. Irin kò wọ́n, kì í sì í ṣe májèlé. Fọ́sífétì sì di ọ́síjìn mú ṣinṣin tí kò fi lè sá jáde bí ara bátìrì bá gbóná. Àléébù rẹ̀ ni pé fóòtì rẹ̀ kò tó ti kóbọ́ọ̀tì, nǹkan bí 3.4 sí 3.9, àti pé iná kì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n yanjú èyí kejì nípa lílọ̀ ọ́ kúnná gan-an kí wọ́n sì fi èédú tẹ́ẹ́rẹ́ wé hóró kọ̀ọ̀kan. Òpó irin yìí ni ó wà nínú púpọ̀ nínú bátìrì tí a ń tà fún sólà ilé ní Nàìjíríà lónìí. Bí oníṣòwò bá sọ pé “lítíọ́mù ni”, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: lítíọ́mù pẹ̀lú òpó wo? Fún ilé tí ènìyàn ń sùn sí, èmi yóò mú ti irin àti fọ́sífétì ṣáájú ti níkẹ́lì, bí ó tilẹ̀ wúwo jù ú lọ. Bátìrì tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kò kúkú lọ sí ibì kankan.

Ní ìhà olùfúnni, ojú gbogbo wọn wà lára sílíkọ́nì, tí ó wà nínú yanrìn. Gíráàmù rẹ̀ kan lè gba ohun tí ó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti gíráfáìtì. Ṣùgbọ́n bí ó bá yó, ó ń wú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ara rẹ̀. Bí ó bá tún fọn, á sán, èèpo rẹ̀ á bó, èèpo mìíràn á hù, èrò á sì máa ṣòfò. Nítorí náà, díẹ̀ ni wọ́n ń bù mọ́ gíráfáìtì. Àwọn mìíràn tún ti padà sí lítíọ́mù gidi ti Whittingham, wọ́n ń wá ohun líle tí a lè fi rọ́pò omi àárín kí ẹ̀gún má baà rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀gún náà ṣì ń rí ọ̀nà láti inú ìsánlára ohun líle ọ̀hún.

Àwọn kan sì ti fi lítíọ́mù sílẹ̀ pátápátá, wọ́n lọ bá sódíọ́mù, èyí tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CATL ní ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àfihàn tirẹ̀ ní ọdún 2021. Èrò sódíọ́mù sanra ju ti lítíọ́mù lọ, gíráfáìtì kì í sì í gbà á dáadáa. Èédú mìíràn tí abala rẹ̀ kò tò létòlétò ni ó ń gbà á. Bátìrì náà wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n a lè lo bébà alumíníọ́mù ní ìhà méjèèjì, nítorí pé sódíọ́mù kì í jẹ ẹ́ run, bàbà olówó iyebíye sì di ohun tí a lè fi sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níbí, àpáta tí ó ní lítíọ́mù nínú wà ní Ìjerò-Èkìtì, ó sì wà ní àwọn ibòmíràn ní Nàìjíríà, bíi Násáráwá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti àpáta dé òpó. Nínú irú òkúta tí ó dára jù, bí ó bá tilẹ̀ mọ́ gaara, lítíọ́mù kò tó ìdá mẹ́rin nínú 100. A ó fọ́ ọ, a ó sun ún nínú ooru tí ó ju 1,000 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, a ó fi ásíìdì yọ lítíọ́mù inú rẹ̀, a ó sọ ọ́ di ìyẹ̀fun funfun. Ìgbà náà ni ẹni tí ń ṣe òpó tó lè pò ó mọ́ irin àti fọ́sífétì. Kò sí èyí tí ó ju agbára àwọn ẹ̀ka kẹ́mísírì yunifásítì wa lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ṣòro jù níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń dán òpó wò, tí kò gbọ́dọ̀ kú fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ìdánwò, ó lè di dandan kí olùwádìí tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà kìíní.